Gàárì Bàbá Mi Kì í Jáde Lófìfo

Ní ilé wa ní Ìkàrẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ẹṣin ń jáde pẹ̀lú gàárì lẹ́yìn, tí kò sì sẹ́nì kankan lórí rẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n bá ń sin ẹni tó ni ín. Wọ́n á di gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn dáadáa, wọ́n á nu irin ìjánu títí yóò fi máa dán, wọ́n á wá fà á gba àdúgbò kọjá. Ẹni tó bá rí i kò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí bàbá tó bí bàbá mi kú. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mi ò tíì mọ ohun tí ikú jẹ́, ohun tó sì dùn mí jù lọ́jọ́ náà ni pé àyè wà lórí ẹṣin, wọn ò jẹ́ kí n gùn ún.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí lórí fóònù pé ẹsẹ̀ bàbá wa kò gbé e gun ẹṣin mọ́. Ó ku oṣù kan àti díẹ̀ kí Iléyá pé. Bàbá wa jẹ́ olóyè ní àdúgbò wa, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí wọ́n bá ti kírun Iléyá tán ní yídì, àwọn olóyè tó bá ní ẹṣin á gùn ún lọ sí iwájú ààfin láti kí ọba, lẹ́yìn náà kálukú á gba ilé rẹ̀ lọ síbi àgbò. Kò sí ọdún tí bàbá mi kò bá wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí, tó sì ti padà sílé láti máa tọ́jú bàbá, ló máa ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú garawa omi fún ẹṣin.

Ó ti ro gbogbo ọ̀nà tó wà kó tó pè mí. Bí ẹṣin bá jókòó sílé, gbogbo ìlú á béèrè. Bí wọ́n bá fà á jáde lófìfo, ìlú kò tiẹ̀ ní béèrè mọ́, wọ́n á kàn máa rọ́ wá bá wa kẹ́dùn, wọ́n á sì bá ẹni tí wọ́n ń sunkún rẹ̀ nídìí àwo ẹran. Ó ní òun dábàá pé kí àwọn géńdé mélòó kan gbé bàbá ka orí gàárì, kí wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Bàbá ní ẹnikẹ́ni kò ní gbé òun bí àpò sìmẹ́ǹtì lójú ìlú. Àbúrò wa ọkùnrin wà ní Àbújá, mọ́tò nìkan ló mọ̀ ọ́n wà. Ó wá ku èmi.

"Bàbá éè sọ ọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó ní bí wọn ò bá rí òun lọ́dún yìí, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fi olóògbé kún orúkọ òun."

Èmi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀kà. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́yàwó, ibẹ̀ náà ni mo kọ́lé sí. Ẹṣin kì í ṣe àjèjì sí mi. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo gùn ún dáadáa, mi ò sì ní torí ìwà ìrẹ̀lẹ̀ pa irọ́. Àwọn ọmọge àdúgbò wa ìgbà yẹn, tí wọ́n ti di ìyá àgbà báyìí, lè jẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gbé mi kúrò nílé, ó gbé mi káàkiri, ìgbà tí mo sì padà sí Àkókó, ọ̀kadà gbé mi ṣubú lójú ọ̀nà Àkùngbá, orúnkún mi ọ̀tún kò sì dárí jì mí láti ìgbà náà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti jókòó lórí ẹṣin kẹ́yìn.

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó fọkàn balẹ̀, ẹni tó bá ti mọ ẹṣin í gùn kì í gbàgbé. Iyán wà lẹ́nu mi nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ìyàwó mi, tó jókòó níwájú mi, wo ikùn mi, ó wo orúnkún mi, ó ní, "Ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀." Mo ní kó bu ọbẹ̀ sí i fún mi.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ mọ́tò láti Ọ̀kà, ó di Ìkàrẹ́. Bàbá ti jókòó sórí àga rọ́bà níwájú ilé, ó de fìlà, bíi pé àlejò pàtàkì kan ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti di gàárì sílẹ̀. Abo ẹṣin ni, pupa rẹ́súrẹ́sú, pẹ̀lú àmì funfun níwájú orí, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga. Nígbà tí mo dúró tì í, kò ga. Nígbà tí mo gorí pèpéle, tí mo ti ẹsẹ̀ bọ irin ẹ̀gbẹ́ gàárì, tí mo jókòó tán, tí mo wá wolẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti gbé ilẹ̀ lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí ara gbàgbé pọ̀ ju ohun tí orí rántí lọ. Orí mi rántí gbogbo rẹ̀: kí n na ẹ̀yìn ró, kí n tẹ gìgísẹ̀ sílẹ̀, kí n jẹ́ kí okùn ìjánu rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ara mi kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀. Bí ẹṣin náà bá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìdí mi á yọ̀ lọ sósì. Kí n tó dá ìdí padà, ó ti gbé òsì. Mo fi orúnkún méjèèjì fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń gun ọ̀pẹ, orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ẹṣin náà sì rò pé mo ní kó sáré ni. Ó sáré tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ dé ẹ̀yìn ilé, ó dé ibi garawa oúnjẹ rẹ̀, ó dúró gbọin. Èmi ò dúró ní tèmi. Mo rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, irun ọrùn rẹ̀ kún mi lẹ́nu, fìlà mi sì ti wà nínú ọkà bàbà tó fẹ́ jẹ.

Nígbà tí mo padà síwájú ilé, mo retí kí bàbá bú mi. Kò bú mi, bẹ́ẹ̀ ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń yí àga rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí títì, ó ń wo àwọn mọ́tò tó ń kọjá. Ó dùn mí débi pé inú bí mi. Mo bínú sí ẹṣin, mo bínú sí ikùn mi, mo bínú sí ọ̀kadà kan tó ti di ìpàǹtí láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi bi mí pé báwo ló ṣe lọ. Mo ní ẹṣin náà ti dàgbà.

Láti ìgbà náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Ìkàrẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé àti ti ọjọ́ Àìkú, àti nírọ̀lẹ́ bí mo bá tètè kúrò níbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kí ìlú rí mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á mú ẹṣin gba ọ̀nà oko tó lọ sí ìhà Ùgbè, níbi tó jẹ́ pé gbágùúdá àti igi kòkó nìkan ló ń woni. Ẹ̀gbọ́n mi kò gun ẹṣin rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń bọ́ ọ, ẹṣin náà sì ń tẹ̀lé e bí ọmọ ṣe ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà. Á fa okùn lọ́wọ́, á máa sọ ìròyìn ìlú fún mi: ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà. Èmi á jókòó sókè bí ẹrù tí wọn ò dì dáadáa.

Mo bi bàbá lọ́jọ́ kan bó ṣe máa ń ṣe é tí kì í fi í mì lórí gàárì. Ó ronú títí. Ó ní òun kò mọ̀, òun kò rò ó rí, àfi bí ìgbà tí èèyàn bá bi òun bí òun ṣe ń gbé itọ́ mì. Mo ti ń bínú dìde nígbà tó fi kún un pé kí n yé wo etí ẹṣin. Ó ní ẹṣin mọ ibi tí etí rẹ̀ wà. Kí n máa wo òkè.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè, ó sì dára pé òkè kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀nà yẹn, ibi yòówù kéèyàn kọjú sí, àpáta kan á ti jókòó síbẹ̀ dè é. Màá mú ọ̀kan, màá tẹjú mọ́ ọn títí igi á fi bò ó, màá wá mú òmíràn. Lákọ̀ọ́kọ́, ọrùn mi gbéra sókè. Lẹ́yìn ìyẹn, èjìká mi wálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn mi ti dá ara rẹ̀ na láìjẹ́ pé mo rán an níṣẹ́. Ṣùgbọ́n orúnkún mi ṣì ń fún ẹṣin mọ́ra, ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì lè ju okùn sílẹ̀, nítorí bó bá ti fẹ́ jù ú sílẹ̀ báyìí ni mo máa ń pariwo.

Bí gbogbo rẹ̀ ṣe wá padà gan-an, mi ò lè sọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ròyìn aládùúgbò mi kan ní Ọ̀kà fún ẹ̀gbọ́n mi, ọkùnrin tí ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tí ìyàwó mi gbìn, tó sì ní ẹ̀fọ́ ló jáde wá bá ewúrẹ́ òun. Inú ń bí mi, mo ń na ọwọ́ kan, mo ń wí. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi bóyá irú ìyẹn dára, kò dáhùn. Mo wẹ̀yìn. Ó ti dúró lọ́nà tipẹ́, òkèèrè ló wà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, okùn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà lórí ẹṣin, ẹṣin ń lọ, ìdí mi ń bá a lọ, orúnkún mi rọ̀ wọ̀ọ̀. Inú mi dùn débi pé omi lé sójú mi. Mi ò rántí ewúrẹ́ mọ́ títí mo fi dé Ọ̀kà.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ara mi wá yá gágá. Mo mú ìyàwó mi wá sí Ìkàrẹ́ kó wá wò mí. Mo gun ẹṣin yí ilé po lójú bàbá, mo jẹ́ kó sáré díẹ̀, mo fà á dúró níwájú àga rẹ̀. Bàbá kò yí àga padà lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Ó ti ń padà." Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ̀ pé ó ti yìn mí dé ibi tí ìyìn rẹ̀ mọ. Ìyàwó mi pàápàá pàtẹ́wọ́, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló béèrè bóyá ṣòkòtò jíǹsì ni mo fẹ́ wọ̀ lọ sí iwájú ọba. Mo rẹ́rìn-ín. Agbádá bàbá ni mo máa wọ̀. Ẹni tó bá ń ṣojú olóyè, aṣọ olóyè ló ń wọ̀, kí ìlú lè mọ ilé tó ti wá. Aṣọ òfì ni, ó wúwo, ó sì gbòòrò débi pé apá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wọ̀ ọ́ gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan kí ọjọ́ tó pé. Mo bi í agbádá wo ló wà láyé tí èmi ò tíì wọ irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo wọ̀ ọ́, nítorí ó yẹ mí.

A gba ọ̀nà Ùgbè lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò sí ìṣòro kankan. Apá agbádá rọ̀ sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, mo ń wo òkè, inú mi ń dùn sí ara mi. Àgbẹ̀ kan jáde láti inú oko, ó ru igi ìdáná, ó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì pẹ̀lú ẹrù lórí, ó ní kí oyè ó pẹ́ lórí mi. Mo fẹ́ dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Kí ni ọkùnrin Yorùbá ń ṣe bó bá wọ agbádá, tí wọ́n kí i, tó fẹ́ dáhùn? Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á gbéra, á ká apá agbádá sórí èjìká. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa, a kàn bá a lára wa ni. Mo ju okùn ìjánu sílẹ̀, mo gbé apá ọ̀tún, mo gbé apá òsì, òfì wúwo náà gba ẹ̀gbẹ́ ojú ẹṣin kọjá fìì. Ẹṣin náà, tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní ìyẹ́, fò sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó yé mi, mo wà lórí ebè gbágùúdá, agbádá ti bò mí lórí, mo ń gbọ́ tí àgbẹ̀ náà ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú, òun kò mọ̀ pé kíkí òun le tó bẹ́ẹ̀.

Orúnkún mi kò ṣe nǹkan kan. Ọkàn mi ló ṣe. Iléyá kò ju ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ lọ mọ́. Mi ò lè padà gorí ẹṣin náà, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ká rìn. Mo fà á gba ọ̀nà títì wọlé, erùpẹ̀ wà lára aṣọ bàbá, mo ń ráhùn lọ́nà gbogbo. Ìgbà tí a yọ sí iwájú ilé ni mo rí ohun tí mo ṣe. Bàbá ti dìde lórí àga, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ń wò wá bọ̀. Kò wo èmi, kò wo ẹ̀gbọ́n mi. Gàárì ló ń wò, tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba okùn lọ́wọ́ mi, ó yára fa ẹṣin gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ.

Mo bá bàbá gbé àga rẹ̀ wọ ojú òjìji. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, mo sì ní ó dà bíi pé kí á wá ẹlòmíràn, bóyá láàárín àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀, nítorí ìdí mi kò tíì dúró. Mo rò pé á gbà. Ara mi tiẹ̀ ń fẹ́ kó gbà.

"Ùdí rẹ dúró," ni ó wí. "Ọwọ́ rẹ ni éè dúró. Lọ wọ agbádá jókòó sí ulé rẹ, má ká a. Jẹun nínú ẹ̀, má ká a. Bí ọwọ́ rẹ bá ti gbàgbé, wá gun ẹṣin mi."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń wọ agbádá lójoojúmọ́ ní Ọ̀kà nìyẹn. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí kì í ṣe Jímọ́ọ̀. Apá rẹ̀ ń wọ́ lórí tábìlì, ó ń gbá bírò ṣubú, ó ń bọ inú tíì. Ẹnìkan bi mí bóyá èjìká ń dùn mí. Ẹlòmíràn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi mí ta ló kú. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìbínú tó ju ohun tó ṣe lọ, lẹ́yìn náà mo lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó béèrè kò mọ̀ pé ohun tí gbogbo wa ń sá fún gan-an ló fẹnu kàn.

Nílé, mo ń jẹ iyán pẹ̀lú apá agbádá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ìyàwó mi jókòó tì mí, ó mú orógùn dání. Bí ọwọ́ mi bá ti gbéra báyìí, orógùn ti dé. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ òun ni òun ti ń wá irú àǹfààní yìí. Àwọn ará àdúgbò rò pé à ń jà, ìyá kan tiẹ̀ wọlé wá pẹ̀tù sí i, ó rí mi nínú agbádá tí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ń kán lára rẹ̀, ó rí ìyàwó mi pẹ̀lú orógùn, ó ní òun ń padà bọ̀. Kò padà wá.

Ohun tí mo wá rí ni pé ọwọ́ kì í gbàgbé lásán. Ẹ ní láti fún un ní iṣẹ́ mìíràn kó tó fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀. Mo kọ́ ọwọ́ ọ̀tún láti máa di etí agbádá mú sórí itan, mo kọ́ tòsì láti máa wà níbi tí okùn ìjánu yẹ kó wà, kódà nígbà tí mo bá ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹni kan bá kí mi, màá fi orí dáhùn. Kò rọrùn. Kíkí tiwa kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi orí nìkan gbà, ó sì dà bíi pé ìgbéraga ń ṣe mí. Nígbà tó ku bí ọjọ́ mélòó kan, mo gun ẹṣin pẹ̀lú agbádá lọ sí ọ̀nà Ùgbè, ẹ̀gbọ́n mi ń kí mi lẹ́yìn bí ẹgbẹ̀rún èèyàn, mo sì bọ̀ lórí gàárì.

Ní ọjọ́ Iléyá gan-an, ẹ̀rù bà mí. Mi ò gbọ́ ohun tí lèmọ́mù sọ nínú ìwàásù, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bàbá kò bá wa lọ sí yídì. Orí àga nínú ilé ló ti kírun tirẹ̀. Nígbà tí a kírun tán, ẹ̀gbọ́n mi ti mú ẹṣin dúró sábẹ́ igi, mo gorí rẹ̀, mo ki etí agbádá sábẹ́ itan, mo wá òkè kan tẹjú mọ́. Àwọn ẹṣin tó kù bọ́ síwájú. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, tèmi sì tẹ̀lé wọn láìbi mí.

Mi ò tíì jìnnà tí mo fi mọ ohun tí bàbá ń bẹ̀rù. Àwọn èèyàn á kọ́kọ́ rí ẹṣin, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á rí agbádá, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè láti kí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á rí ojú mi, ẹ̀rín á sì kúrò lẹ́nu wọn. Mo rí i lójú ẹni àkọ́kọ́, mo rí i lójú ẹni kejì, mo rí i títí. Wọ́n á ní, "Bàbá ńkọ́?" bí ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ èsì. Màá ní, "Bàbá wà nílé, ẹran ni wọ́n ń dúró dè." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n bá wọn kí i. Ìyá arúgbó kan, tí òun àti bàbá jọ dàgbà ní àdúgbò kan náà, di etí agbádá mú, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀. Ó ní, "Mo ti rò pé..." Kò parí rẹ̀. Ó nu ojú, ó ní kí n sọ fún bàbá pé òun ń bọ̀ wá jẹ ìgbáyà àgbò.

Níwájú ààfin, ọba náà béèrè rẹ̀. Mo dáhùn, inú ọba dùn, ó ní kí bàbá máa jẹun dáadáa. Nígbà tí mo yí ẹṣin padà, gbogbo àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pariwo kí ilé wa lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ sì wọ agbádá. Mo rí ọwọ́ mi méjèèjì tí wọ́n ń gbéra. Mi ò rán wọn. Wọ́n dé àyà, orógùn ìyàwó mi wá sí mi lọ́kàn, wọ́n dúró níbẹ̀. Mo fi ọ̀kan họ àyà díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ, mo dá wọn padà. Ẹṣin yí etí kan sẹ́yìn, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ, mo sì jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni tó jókòó sílé.

Bàbá wà níwájú ilé lórí àga rẹ̀ nígbà tí mo dé. Mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Kò bi mí bóyá mo ṣubú. Ó ní, "Ta ló bèrè mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Mo sọ ti ẹni àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà yídì, ó ní kí lọkùnrin náà wí gan-an, mo tún un sọ. Mo sọ ti àwọn alágbẹ̀dẹ tó jáde wá kí mi lójú ọ̀nà, mo sọ ti ìyá arúgbó, ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ìgbáyà, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi sí apá kan fún un. Mo sọ ti ọba, ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Oòrùn ń pa mí, òógùn ń ṣàn lábẹ́ òfì, ẹṣin ti mu garawa omi tán, bàbá kò sì jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀ títí mo fi ka gbogbo wọn dé orí ẹni tó béèrè kẹ́yìn. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ti ọmọdé. Mi ò rò pé mo ti fún un ní ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí mo sọ tán, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé orúnkún. Ó wo ẹṣin, ó wo gàárì lábẹ́ mi, ó wá wò mí lójú.

"Ọjọ́ tí mo bá lọ," ni ó wí, "wọn á fẹ́ fà á jáde lófìfo. Má gbà fún wọn. Ùwọ ni kí o gùn ún."

Mo sọ ohun tí ọmọ ń sọ. Mo ní bàbá á pẹ́ fún wa, mo ní bàbá fúnra rẹ̀ ló máa gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ṣe àmín sí i. Lẹ́yìn náà ó tún un sọ, pé èmi ni kí n gùn ún, ó sì ń wò mí, ó ń dúró de èsì.

Mo ní mo gbọ́. Ìgbà yẹn ló tó ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo gba apá kejì ẹṣin lọ bí ẹni tó fẹ́ tú gàárì, mo gbé ojú lé ọrùn rẹ̀ tó ti láàgùn, mo sunkún. Ní apá ọ̀hún, bàbá ń bi ẹ̀gbọ́n mi ohun tí wọ́n ń dúró dè tí wọn kò tíì pa àgbò, ó ní ebi ń pa òun.